A Dúpẹ́ Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Onitsha,
Ọjọ́ Jímọ́, lẹ́yìn ìrun.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí ara tù mí,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Awakọ̀ tó ti Ìbàdàn bọ̀ ló gbé e dé Bridge Head, ó sì fi lé bàbá rẹ lọ́wọ́ níbi tó ti ń ta ṣìmẹ́ńtì. Bàbá rẹ kò lè dúró kó délé. Ó já a, ó jókòó lórí àpò ṣìmẹ́ńtì, ó kà á tán kó tó gbé e wá fún mi. Mo bínú sí i, torí orúkọ mi lo kọ sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi náà kà á, mo dárí jì í.

O ní ọsibítù ńlá ti gbà ọ́ síṣẹ́. O ní iṣẹ́ rẹ kì í ṣe abẹ́rẹ́ gígún. Wọ́n ní kí o máa jókòó ti àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, kí o máa bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé ayé láti ìgbà tí wọ́n ti padà sílé: ṣé wọ́n ń sùn, ṣé wọ́n ń rìn, ṣé iṣẹ́ wọn ń lọ, ṣé inú wọn ń dùn. Ohun tí wọ́n bá sọ, kí o fàmì sí i lórí ìwé, kí dókítà lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ tóun ṣe ṣe wọ́n láǹfààní. O wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ náà rọrùn.

Àbẹ̀kẹ́, kò rọrùn o. Wọ́n ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ bi èmi náà léèrè rí, mo sì fi ìdáhùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara mi. Ìwọ kò mọ̀, torí a kò sọ fún ọ. Kí àyà rẹ má baà já, jẹ́ kí n tètè sọ pé ara mi le lónìí. Ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn Relief Market ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ẹsẹ̀ mi kò wú, mo sì ti rán búláòsì méjì láti àárọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ti kọjá, Alihamudulilahi. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kí o tó gbé ìwé ìbéèrè yẹn síwájú ìyá ẹlòmíràn.

N ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tí mo mọ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Ìwó, kí bàbá rẹ tó gbé mi wá sí Onitsha, ọ̀gá mi ní kí n rán búláòsì kan fún ìyàwó tuntun kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé èmi nìkan lọ́wọ́ nìyẹn. Mo rán an, ó wọ̀ ọ́, mo bi í pé ṣé ó bá a mu. Ó ní, “Ó dára, a dúpẹ́, Ọlọ́hun á jẹ́ kọ́wọ́ yín le.” Inú mi dùn, mo ń yan kiri ṣọ́ọ̀bù. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí a rí búláòsì náà lára àbúrò rẹ̀. Ó ti fún un torí kò lè gbé apá nínú rẹ̀.

Ọ̀gá mi kò nà mí. Ó ní, “Ta ló ní kí o bi í? Ní kó gbé ọwọ́ sókè. Ní kó kúnlẹ̀ bí ẹni ń kí ìyá ọkọ rẹ̀. Ní kó jókòó. Bí kò bá bá a mu, aṣọ á sọ fún ọ. Oníbàárà kò ní sọ.”

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí obìnrin tó gba aṣọ lọ́wọ́ mi tí kò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn ọmọ Onitsha máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé ìjọsìn ni. Wọ́n á kúnlẹ̀ ṣáá. Mo mọ ọgbọ́n yìí lórí aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ara mi, mo gbàgbé ẹ̀ pátápátá.

O rántí bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogun ni, tí a padà dé, tí gbogbo Onitsha ń mọlé, tí bàbá rẹ ń ta ṣìmẹ́ńtì bí ẹni ń ta iyọ̀. Mo ń mí gúlegúle bí mo bá rìn díẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ ọkàn, dókítà ní ẹnu ọ̀nà kékeré kan nínú ọkàn mi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ti lẹ̀ mọ́ra. Ó là mí láyà, ó ṣí i. Mo jí. Ìwọ alára wà níbẹ̀, o sọkún sí mi lórí débi pé nọ́ọ̀sì lé ọ síta. Lẹ́yìn náà o padà sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, èmi náà padà sí Onitsha, àwọn ará ilé ń kí mi kú ewu.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n wá fara hàn. Kí dókítà tó dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó síwájú mi pẹ̀lú ìwé. Kì í ṣe Yorùbá, bàbá rẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Mama, you dey sleep well?” Mo ní, “We thank God.” Ó fàmì sí i. Ó ní, “You fit waka?” Mo ní, “God dey.” Ó fàmì sí i. Ó bi mí nípa iṣẹ́, ó bi mí nípa oúnjẹ, ó bi mí bóyá inú mi ń dùn. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi ọpẹ́ dá lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dìde.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyí. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń sùn, torí bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí mi á há. Mi ò lè fi maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rán ju ọ̀pá aṣọ kan lọ kí n tó dúró. Mo ti ń jókòó kírun. Kò sí èyí tó jáde lẹ́nu mi nínú gbogbo rẹ̀. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tutọ́ funfun jáde.

Dókítà ka ìwé náà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ara ti le báyìí, kí n dín oògùn tí ń mú mi tọ̀ kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ yẹn, mo di tábìlì rẹ̀ mú kí n tó lè dìde, ṣùgbọ́n ìwé ló ń wò, kò rí mi.

Nígbà tí a délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fara pamọ́. Mo sọ fún àwọn oníbàárà pé awọ tó ń yí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ti já, mo gbé ti ọlọ́wọ́ jáde. Awọ kankan kò já. Mo ń wọ ìró tó ń wọ́lẹ̀ kí bàbá rẹ má baà rí ẹsẹ̀ mi. Mama Nkechi, tó ń ta ata ní Ose Okwodu tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, òun nìkan ló fura. Ó fi orúkọ Mùsùlùmí rẹ pè mí, ó ní, “Nne Muina, your leg don swell. You dey breathe like person wey run.” Mo ní sísanra ni, ṣé kò rí i pé owó wà lóde, gbogbo ayé ń sanra. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjà rẹ̀ ni mo ti wó lulẹ̀. Òwúrọ̀ ni, mo lọ ra ata, mo bẹ̀rẹ̀ láti wo inú apẹ̀rẹ̀, mi ò lè mí mọ́. Mo jókòó sórí ata àwọn ẹlòmíràn. Mama Nkechi fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ láìbò, ó dá ọkọ̀ kan tó kó pákó ìkọ́lé dúró, ó gbé mi sáàárín pákó, ó jókòó tì mí. Ó ń bá mi jà jálẹ̀ ọ̀nà. Ó ní bí mo bá kú, òun ò ní dárí jì mí. Ọsibítù ìtòsí ló kọ́kọ́ gbé mi lọ, àwọn yẹn ló sì gbé mi padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ náà.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà mí níbẹ̀. Ó wo ìwé tí wọ́n fàmì sí, ó wo ẹsẹ̀ mi tó dà bí òpó. Ó bi mí pé ta ló sọ ohun tó wà níbí. Mo ní èmi ni. Ó ní kí bàbá rẹ jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àga, ó jókòó. Kò bi mí bí ara ṣe rí. Ó ní, “Yesterday morning, who carry water for your house?” Mo ní ọmọ Mama Nkechi ni. “Who sweep?” Òun náà ni. “Since when?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. “How many pillow?” Mo ní mẹ́ta. Ó wò mí. Mo ní mẹ́ta àti ògiri. “Last time wey you sew with leg?” Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú mi, torí mo rántí pé ó ti lé lóṣù méjì, èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń pe ara mi lénìyàn.

Kò fàmì sí nǹkan kan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí dókítà kà á, ó tún oògùn mi tò. Ọjọ́ kẹfà, mo rí kókósẹ̀ mi. Má rẹ́rìn-ín, mo ń fọwọ́ pa á bí ẹni rí ọmọ tó sọnù.

Ó dára. Ohun tí mo ní kí o fi ṣe ọgbọ́n nìyí.

Èkínní, a dúpẹ́ kì í ṣe ìdáhùn, ìkíni ni. Onitsha lo dàgbà sí, Yorùbá rẹ kò tíì jinná, o mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ. Bí orí bá ń fọ́ Mama Nkechi, gbogbo agboolé ló máa gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tí o máa bá pàdé ní Ìbàdàn kò ní fi àìsàn dá ọmọdé tó kí wọn lóhùn. Bí bàbá arúgbó kan bá sọ fún ọ pé “kò burú,” jókòó dáadáa. Bó bá ní “à ń gbìyànjú,” ó burú. Bó bá ní “ara kàn ń fẹ́ ìsinmi díẹ̀ ni,” lọ pe dókítà. Jẹ́ kó dúpẹ́ tán, bá a ṣe àmín, kí o wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ.

Èkejì, bi wọ́n nípa àná. Àná kò ní ìkíni tiẹ̀. Bi àgbẹ̀ pé ebè mélòó ló kọ. Bi aránṣọ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Bi Mùsùlùmí bóyá ó ń forí kanlẹ̀ kírun àbí ó ń jókòó kí i. Bi ìyá ọmọ pé ta ló pọn ọmọ. Kí o sì bèèrè ohun tí wọn kò ṣe mọ́, torí ènìyàn á jáwọ́ nínú nǹkan kan lónìí, òmíràn lọ́la, yóò sì máa sọ pé kò sí nǹkan tó yí padà. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ó máa ń ṣìnà bó bá jẹ́ ẹlẹ́nu dídùn ló júwe ọ̀nà fún un.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Kó àwọn ẹbí jáde. Bí ọkọ bá dúró síbẹ̀, ọkọ ni aya ń dá lóhùn, kì í ṣe ìwọ. O ní ìbéèrè kan wà lórí ìwé rẹ nípa bí tọkọtaya ṣe ń ṣe ní yàrá. Irú rẹ̀ wà lórí ìwé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà. Ó bi mí lójú bàbá rẹ, bàbá rẹ sì dáhùn fún mi pé, “No problem at all.” Ó yẹ kí o rí ojú rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń ba àwa méjèèjì. Òun ń bẹ̀rù pé òun á ṣe ọkàn mi léṣe, èmi ń bẹ̀rù pé ó ti kọ̀ mí. Bí ẹnì kan bá ti bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan, à bá ti bọ́ nínú ìyẹn tipẹ́tipẹ́.

Tún sọ fún wọn pé dókítà kò ní bínú. Ìdí kan tí mo fi purọ́ nìyẹn. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkàn mi ṣe, ṣé kí n tún wá wò ó lójú kí n ní kò tíì dára? Mo rò pé àìmoore ni. Ìyàwó tuntun Ìwó yẹn náà rò bẹ́ẹ̀, òun sì ni mo fi ń ṣe ẹlẹ́yà láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá sọ ibi tí aṣọ ti fún un, òun ló ṣe aránṣọ lóore. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Má sì ṣe rò pé èémí àti ẹsẹ̀ nìkan ni ìgbé ayé. Àpá àyà mi dé ibi tí ọrùn búláòsì máa ń pin. Odidi ọdún kan ni mo fi rán gbogbo aṣọ mi ní ọlọ́rùn gíga, nínú ooru Onitsha, mi ò sì lọ síbi ìkómọ kankan. Kò sí lórí ìwé ẹnikẹ́ni. Fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìwé rẹ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní tìrẹ, jẹun kí o tó jáde nílé, má fi tíì àti búrẹ́dì tan ara rẹ. Ọkùnrin tí o kọ̀wé pé ó ń bá ọ gbé báàgì, jẹ́ kó gbé báàgì. Bó bá tún fẹ́ gbé nǹkan mìíràn, kó wá rí bàbá rẹ ní Bridge Head.

Ó ku ìdí kan tí mo fi purọ́ tí mi ò tíì sọ. Ìwọ ni. Ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bi mí, ìdánwò àṣekágbá rẹ kù díẹ̀. Mo mọ̀ ọ́. Bí o bá gbọ́ pé ara mi kò le, o máa palẹ̀ mọ́ wálé, kò sì ní sí ẹni tó lè dá ọ dúró. Ọ̀sẹ̀ tí mo wà ní ọsibítù tí wọn kò mọ̀ bóyá n ó yè, ọ̀sẹ̀ náà gan-an lo ń kọ ìdánwò. Ibà díẹ̀ tí bàbá rẹ kọ̀wé sí ọ pé ó ṣe mí, òun nìyẹn. Má bínú sí i, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Ìfẹ́ náà ni, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí o máa gbé ìwé ẹ̀rí wálé lo máa bá sàréè mi. Dárí jì mí. Ó ti ń wúwo lọ́kàn mi látìgbà yẹn, ara sì tù mí bí mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Nítorí náà, fi èmi ṣe ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé rẹ. Ìwọ kò sí níbí láti bi mí, n ó bi ara mi.

Àná, mo dìde dúró ṣe àlùwàlá. Mo forí kanlẹ̀ kírun, ṣùgbọ́n mo di maṣíìnì mú kí n tó dìde ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ni mo gbé, ọmọ Mama Nkechi gbé ìyókù. Mo fi ẹsẹ̀ ránṣọ títí di ọ̀sán. Mo gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè, mo dúró lẹ́ẹ̀kan. Ìrọ̀rí kan ni mo fi sùn. Lẹ́yìn ìrun Ásárì, ọkàn mi fò lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó kọsẹ̀, ẹ̀rù bà mí gidigidi, mo pe bàbá rẹ, mo sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú títí ó fi rọlẹ̀. Mi ò sọ irú ẹ̀ fún un rí. Mo sì ṣì ń bẹ̀rù pé n ó kú kí n tó rí ọmọ rẹ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni inú mi ń dùn, kì í ṣe gbogbo ọjọ́.

Kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Má fàmì síbi tí wọ́n kọ “dáadáa” sí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.